Bí Ìbò Bọ́jẹ́ẹ̀tì Ìlú Ṣe Dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní Porto Alegre, ní gúúsù ilẹ̀ Brazil, ọjà àtijọ́ àti ilé ìjọba ìlú kò jìnnà síra. Àwọn olórìṣà ibẹ̀ gbà pé wọ́n ri Bará, ìyẹn Ẹlẹ́gbára tiwa níbí, mọ́ oríta àárín ọjà náà. Títí dòní ni wọ́n ń ju owó wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún un bí wọ́n bá ń kọjá. Ìlú yìí kan náà ló kọ́kọ́ gbé ètò ìṣúná rẹ̀ síwájú ará àdúgbò pé kí wọ́n sọ ibi tí owó máa gbà.

Kì í ṣe ìjọba ló ro ó dá. Láti 1986 ni UAMPA, ìṣọ̀kan àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò, ti ń pariwo pé àwọn fẹ́ dá sí i. Nígbà tí Olívio Dutra ti ẹgbẹ́ òṣèlú PT di méyọ̀ ní 1989, owó oṣù òṣìṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ àpò ìlú tán, síbẹ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pín ìlú sí agbègbè 16. Bí o bá fẹ́ títì tàbí gọ́tà, o ní láti kó àwọn aládùúgbò rẹ lẹ́yìn wá sípàdé, torí iye orí tó bá yọjú ni wọ́n fi ń mọ iye aṣojú yín.

Ìpàdé sì ń gba àsìkò. Àwọn ọ̀dọ́ àtàwọn tó rí jájẹ díẹ̀ kì í sábà wá.

Ní Belo Horizonte, ìlú ńlá mìíràn ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú ìpàdé yìí láti 1993, ìjọba méyọ̀ Fernando Pimentel wá ọgbọ́n sí i ní 2006. Wọ́n ya nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 real, owó Brazil, sọ́tọ̀, wọ́n to iṣẹ́ mẹ́rin mẹ́rin kalẹ̀ fún agbègbè mẹ́sàn-án sórí íntánẹ́ẹ̀tì. O máa tẹ nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ, o máa mú ọ̀kan ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ó tán. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà síta fún ẹni tí kò ní. Àwọn tó dìbò lé ní 172,000, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń lọ sípàdé kò tó 40,000.

Èmi ò fi gbogbo ara yọ̀ sí iye yẹn. Nínú ìpàdé, ẹni tí ẹrẹ̀ ń dà láàmú máa gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹni tí omi ìdọ̀tí ń wọ yàrá rẹ̀, ó sì lè ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe tiyín.” Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà?

Ní 2008 wọ́n fi iṣẹ́ ńlá márùn-ún síwájú gbogbo ìlú, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fi fóònù dìbò náà. Praça São Vicente ló wọlé, oríta kan tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti ń pa àwọn awakọ̀ lẹ́kún lójú ọ̀nà tó yí ìlú ká. Àmọ́ ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni! Ìwé àṣẹ kò tètè jáde, ọdún ń gorí ọdún, iṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùdìbò tó tó 124,000 lọ́dún náà di nǹkan bí 25,000 ní 2011.

Ìyẹn kò dá àwọn ará Yúróòpù dúró. Ní 2015, Madrid ṣe Consul, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí ará ìlú lè fi dìbò báyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìlú tó bá fẹ́ lò ó. Paris, tó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014, kò fi mọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: wọ́n tún gbé àpótí ìbò sí àdúgbò, àti ọmọdé àti àjòjì tó ń gbé ìlú náà ló ń ju ìwé tirẹ̀ sí i.