MX-5 Aláìlórùlé: Kí Ẹ Tó Ra Irin, Ẹ Wo Ìpẹtà

Àwọn tó ń ra Mazda MX-5 àlòkù níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá: "Ẹ̀gbọ́n, irin wo ni kí n rà sí i?" Oríṣi méjì ni irin tí wọ́n ń wí, iṣẹ́ wọn ò sì jọra. Ọ̀kan wà kí ara ọkọ̀ lè le, kó má máa lọ́. Èkejì wà fún orí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, bí ọkọ̀ bá lọ takìtì. Orí káńtà kan náà ni wọ́n ti ń ta méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀kan ta èkejì fún yín.

Ọkọ̀ yìí ń lọ́ nítorí pé kò lórùlé. Láti 1989 tó ti jáde ni Mazda ti fẹ́ kó fúyẹ́, ti àkọ́kọ́ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Lára ọkọ̀ mìíràn, òrùlé irin máa ń di òkè mú. Níbi tí kò ti sí, ilẹ̀ ọkọ̀ àti abẹ́ ilẹ̀kùn ló ń ru gbogbo ẹrù, bí agolo sàdíìnì tí wọ́n ti ká ìdérí rẹ̀ kúrò. Ẹ gba títì tó ní kòtò kọjá kí ẹ sì wo dígí àárín: ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á di méjì nínú rẹ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù á sì máa dún. Mazda náà mọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 wọ ọkọ̀ ọdún 1994, wọ́n fi irin kún abẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀yìn ìjókòó.

Ìpẹtà ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ò mọ ọkọ̀ ẹni tó lówó. Lára MX-5 àkọ́kọ́, ihò kọ̀ọ̀kan wà lọ́tùn-ún lósì lẹ́yìn ìjókòó, níbi tí omi òjò ń gbà jáde. Bí ewé bá dí i, omi á wọ irin abẹ́ ilẹ̀kùn tí àwa mẹ́káníìkì ń pè ní sill, á máa jẹ ẹ́ láti inú, ọ̀dà òde á sì ṣì máa dán. Ẹ fi ìdí sùkúdíráfà kan sill náà níwájú táyà ẹ̀yìn. Bó bá dún gangan, ó dáa. Bó bá dún bò, tí eruku pupa sì já bọ́, wẹ́dà lẹ ń wá, kì í ṣe ẹni tó ń ta irin. Ìran kejì, tó dé ọjà ní 1998, ní tirẹ̀ níwájú: irin ṣáásí méjì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì máa ń jẹrà láti inú. MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í fojú fo irú èyí. Ìpẹtà tó le láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 sí ibi tí wọ́n so bẹ́líìtì tàbí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́, wọ́n á dá yín padà. Bí ẹ bá sì fi bóòtù tuntun de irin tuntun mọ́ irin tó ti jẹrà, kí ni bóòtù náà fẹ́ dì mú?

Bí ara ọkọ̀ bá ṣì dáa tí ó sì pé, ẹ wá lè sọ̀rọ̀ irin tó ń mú un le. Èyí tó ń dán lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó so orí ṣọ́ọ̀kì méjèèjì pọ̀, òun ló ń kọ́kọ́ wọ èèyàn lójú. Lára ọkọ̀ tó ń lo MacPherson strut, níbi tí ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ti ń bá wọn di táyà mú, iṣẹ́ wà fún un, nítorí orí ṣọ́ọ̀kì ibẹ̀ ń gba ipá láti ẹ̀gbẹ́. Apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ló di táyà MX-5 mú ní tirẹ̀, férémù irin tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n sì so méjèèjì mọ́. Ọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù nínú irin yẹn. Abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni kí ẹ náwó sí. Irin gígùn méjì tó wà níbẹ̀ tín-ínrín, ẹni tó bá fi jáàkì gbé ọkọ̀ láti ibẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Irin tó nípọn ju ìyẹn lọ wà tí wọ́n fi ń bò ó, tí wọ́n á fi bóòtù dè é. Àmọ́ bí ṣọ́ọ̀kì bá ti kú, tí rọ́bà búṣìn ti ya, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ìyẹn.

Roll bar wá ńkọ́, irin tó wà fún orí ẹni bí ọkọ̀ bá takìtì? Ẹ ṣọ́ra fún irin tó ń dán tí wọ́n fi bóòtù wẹ́wẹ́ gbé dúró lẹ́yìn ìjókòó. Fọ́tò ni wọ́n ṣe é fún. Ojúlówó ní ẹsẹ̀ méjì nísàlẹ̀, irin méjì tó na ara sẹ́yìn, àti ọ̀kan tó dábùú láàárín. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àwo irin lókè àti lábẹ́ páànù ọkọ̀, kí bóòtù má baà fa páànù já. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ irú páìpù tó lò àti bó ṣe nípọn tó, ẹ fi owó yín sápò. Ẹni tó bá fẹ́ lu ihò náà fún yín, kó mọ̀ pé tàǹkì epo wà lẹ́yìn ògiri ẹ̀yìn ìjókòó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó, kí ẹnì kan gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ gígùn lé orí roll bar náà, kí orí kejì ọ̀pá kan òkè férémù gíláàsì iwájú. Bí orí yín bá kan ọ̀pá, roll bar yẹn kò lè gbà yín. Mo fẹ́ kí àyè bí inṣì méjì ṣẹ́ kù. Àwọn tó ga máa ń yọ díẹ̀ nínú fóòmù ìjókòó kí wọ́n lè wọlẹ̀ sí i, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Cage odindi ńkọ́, èyí tó yí ilẹ̀kùn àti gíláàsì ká? Rárá, kì í ṣe fún títì. Ẹni tó ń fi í díje dé àṣíborí, okùn sì dì í mọ́ ìjókòó pinpin. Fìlà tàbí gèlè ló wà lórí yín ní tiyín. Nínú ìkọlù kékeré, bẹ́líìtì lásán á jẹ́ kí orí fì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, irin ni yóò sì bá níbẹ̀. Kódà irin ẹ̀yìn orí nìkan, ẹ fi fóòmù líle tí wọ́n ṣe fún ìdíje bò ó, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń bo páìpù omi. Bẹ́líìtì tó bá ọkọ̀ wá náà ni kí ẹ máa lò. Ti olókùn mẹ́rin tí kò ní okùn àárín itan lè fa ti ìbàdí gòkè sínú ikùn, níbi tí kò sí egungun tó máa gbà á dúró.

Ẹ pe ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yín kí ẹ tó lu ihò àkọ́kọ́, kí ẹ sì gba èsì wọn lórí ìwé. Irin tí wọn ò mọ̀ nípa rẹ̀ lè di àwáwí tí wọn ò fi ní sanwó.