Kóòdù àti àkọsílẹ̀ egbò àtọ̀gbẹ

Kóòdù egbò àtọ̀gbẹ ni àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà fi ń dúró fún egbò tó yọ lára ẹni tó ní àìsàn àtọ̀gbẹ. Inú ìwé ICD-10-CM, ìyẹn ìwé kóòdù àìsàn tí Amẹ́ríkà ń lò, ni wọ́n ti ń mú un, èyí tó rọ́pò ICD-9-CM ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2015. Kóòdù yìí ni ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń wò kó tó sanwó ìtọ́jú.

Kóòdù kan ṣoṣo kò tó fún egbò kan. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ irú àtọ̀gbẹ: E10.621 ni ti irú kìíní tó ní egbò ẹsẹ̀, E11.621 ni ti irú kejì. Bí egbò bá wà níbòmíràn lára, E11.622 ló bá irú kejì mu. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kóòdù láti ọ̀wọ́ L97 tàbí L98.4 ń tẹ̀ lé e, tó ń sọ ibi tí egbò wà àti bó ṣe jìn tó; L97 tún ń sọ apá ọ̀tún tàbí òsì. Ẹ wo L97.412: L97.4 ni gìgísẹ̀ tàbí àárín ẹsẹ̀, 1 tó tẹ̀ lé e ni apá ọ̀tún, 2 tó gbẹ̀yìn sì ń sọ pé ọ̀rá abẹ́ awọ ti hàn síta.

Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà. 1 dúró fún egbò tí kò kọjá awọ, 3 fún èyí tí ẹran iṣan ti kú nínú rẹ̀, 4 fún èyí tí egungun ti kú. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2017, wọ́n fi 5 àti 6 kún un fún egbò tó dé ẹran iṣan tàbí egungun láìjẹ́ pé ibẹ̀ ti kú. Nọ́ńbà 9 túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó kọ bó ṣe jìn tó, ó sì bani nínú jẹ́ pé “egbò ẹsẹ̀, àtọ̀gbẹ” lásán tí dókítà sáré kọ sílẹ̀ ló máa ń fà á. Akọ̀wé kóòdù kò láṣẹ láti méfò. Àmọ́ bí dókítà bá ti sọ pé egbò wà, òfin gbà pé kí wọ́n mú bó ṣe jìn tó láti inú àkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì.

ICD-10-CM gbà pé àtọ̀gbẹ ló fa egbò ẹsẹ̀ aláìsàn náà, àfi bí dókítà bá kọ ọ́ pé nǹkan mìíràn ni. Èyí kò kan egbò ìdùbúlẹ̀, tó ní ọ̀wọ́ tirẹ̀, L89, tí wọ́n ń fi ìpele díwọ̀n. Gìgísẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú jù, torí aláìsàn tó ti pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì lè ní irú egbò méjèèjì níbẹ̀. Dókítà nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Òṣùwọ̀n Wagner, láti 0 dé 5, tí ọ̀pọ̀ dókítà fi ń díwọ̀n egbò ẹsẹ̀ kò sì ṣeé sọ di nọ́ńbà ìparí kóòdù.

Kóòdù mìíràn lè bá a rìn: E11.42 bí àtọ̀gbẹ bá ti ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ tí ẹsẹ̀ fi kú tipiri, E11.52 bí ẹ̀jẹ̀ kò bá ṣàn dáadáa tí ẹran ara sì ti ń kú, Z79.4 bí aláìsàn bá ń gba ínsúlìn fún ìgbà pípẹ́.

Nínú ICD-10 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, E11.5 nìkan ló kó egbò, ẹran ara tó kú àti ìdíwọ́ ìṣàn ẹ̀jẹ̀ pọ̀ fún àtọ̀gbẹ irú kejì. Kóòdù náà kò sọ ẹsẹ̀ tí egbò wà.