Bí Sinimá Tí Kò Fọhùn Ṣe Ń Tú Àṣírí Ọ̀daràn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé gbólóhùn tí wọ́n kọ sáàárín àwòrán ló ń sọ ìtàn nínú sinimá àtijọ́ tí kò fọhùn. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá, kò sì sí ibi tí àṣìṣe náà ti hàn tó inú sinimá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ẹgbẹ́ ọ̀daràn. Olè kì í kéde ohun tó fẹ́ ṣe. Bí gbólóhùn bá ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, kí ló kù tí òǹwòran yóò máa wá? Nǹkan tí wọ́n gbé síwájú kámẹ́rà ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wo Les Vampires, tí Louis Feuillade darí fún ilé iṣẹ́ Gaumont ní ìlú Paris. Láàárín ọdún 1915 sí 1916 ni wọ́n ń gbé e jáde ní apá kọ̀ọ̀kan, títí ó fi pé mẹ́wàá. “Àwọn amùjẹ̀” ni orúkọ sinimá náà túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n kò sí amùjẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ adigunjalè àti apànìyàn ni, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Philippe Guérande ló sì ń tọ ipasẹ̀ wọn. Ní apá kejì, olórí ẹgbẹ́ náà, tó ti múra bí ọlọ́lá, fi òrùka onímájèlé fún oníjó kan kí ó tó jáde sórí ìtàgé. Oníjó náà jáde, ó ń jó, àárín ijó ló sì ti ṣubú. Ní apá kẹta, Guérande dúró níwájú ìwé ìpolówó kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilé ijó, orúkọ akọrin tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni Irma Vep. Lójú ẹsẹ̀, àwọn lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kúrò ní àyè wọn, wọ́n to ara wọn ní ọ̀tun, wọ́n sì di “Vampire”. Àtòun àti òǹwòran, ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó mọ bí àwọn baba wa ṣe ń pa àrokò kò ní í rí èyí bí ohun àjèjì. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kì í ṣe ohun tí owó náà lè rà ló ń sọ bí kò ṣe ìró “ẹ̀fà” fúnra rẹ̀, pé ọkàn òun ń fà sí i; bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Ẹni tó gbé e lọ lè má mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Bí oníjó yẹn ṣe gbé òrùka jáde gan-an nìyẹn: òǹwòran ni wọ́n pa àrokò náà sí.

Ní ti kámẹ́rà, àwọn kan máa ń sọ pé Feuillade kò mọ̀ ọ́n lò tó D. W. Griffith ti Amẹ́ríkà. Nínú The Musketeers of Pig Alley ti ọdún 1912, Griffith mú kí àwọn jàǹdùkú New York máa yọ́ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wọ́n ń sún mọ́ kámẹ́rà títí ojú olórí wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àwòrán. Ó dẹ́rù bani lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Feuillade a máa fi kámẹ́rà sí ojú kan, a sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn, fèrèsé àti òrùlé wà níbẹ̀, kí òǹwòran fi ojú ara rẹ̀ wá ibi tí ewu yóò gbà wọlé. Fún ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọgbọ́n yìí ló jinlẹ̀ jù.

Ohun tó ba iṣẹ́ náà jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ òǹwòran òde òní ni òru. Fíìmù ìgbà náà kò lágbára tó láti ya àwòrán nínú òkùnkùn, nítorí náà ọ̀sán ni wọ́n ń ya òru, wọn a wá rẹ fíìmù náà bí ẹni ń rẹ aṣọ láró, kí ó lè di búlúù. Yàrá tí àtùpà ń jó nínú rẹ̀ yóò pọ́n bí oyin. Bí ẹnì kan bá pa àtùpà, àwọ̀ oyin yóò kúrò, búlúù yóò gba ipò rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn yóò sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀dà tí wọn kò rẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wò láti ìgbà náà wá, wọ́n sì ń bú àwọn olè náà pé wọ́n ń gun òrùlé ní ọ̀sán gangan.