Bí Káńsù Bá Fẹ́ Ti Ilé-ìwé Ọmọ Yín Pa

Ìyá kan mú ìwé wá bá mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. "Bùọ̀dá, ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́ sí káńsù." Ojú ewé mẹ́rin gbáko. Ọmọ rẹ̀ wà ní Year 9 (ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá), wọ́n sì ti kọ lẹ́tà sí àwọn òbí pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ilé-ìwé náà pa. Èsì GCSE, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ní ìparí Year 11, ló kún inú ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ìyìn tí Ofsted, àjọ tó ń bẹ ilé-ìwé wò, yin ilé-ìwé náà, àti bí àwọn tíṣà ṣe mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ àwọn gómìnà ilé-ìwé níhìn-ín. (Gómìnà ilé-ìwé ni mo wí o, àwọn tó ń bójú tó bí ilé-ìwé ṣe ń lọ, kò sí mọ́tò onífèrè, kò sí owó oṣù.) Mo sọ fún un pé òdodo ni gbogbo ohun tó kọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn lórí rẹ̀. A máa ń rò pé bí ilé-ìwé bá ti dára, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Àga tó ṣófo ni káńsù ń kà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí ọmọ ni owó ìjọba ń tẹ̀ lé. Ọjọ́bọ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá ni wọ́n ń ka ọmọ, iye tí wọ́n bá kà ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ilé-ìwé tí wọ́n kọ́ fún 900 ọmọ wá ku 600. Òrùlé rẹ̀ kò kéré sí i, owó gáàsì kò dín tó bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ṣì ń gba owó oṣù rẹ̀ pé. Gbèsè dé nìyẹn. Ìbímọ ti dín kù nínú ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, owó ilé sì ti lé ọ̀pọ̀ ìdílé jáde. Ẹ ka àwọn ọ̀rẹ́ yín tó ti kó kúrò ní Peckham lọ sí Thamesmead, Dartford tàbí Chatham. Ọjọ́ orí náà kì í gba ilé-ìwé là: ní Lambeth, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1685 ni wọ́n dá Archbishop Tenison's sílẹ̀, wọ́n tì í ní 2023, St Martin-in-the-Fields tàwọn ọmọbìnrin, tó ti wà láti 1699, tẹ̀ lé e ní 2024.

Nítorí náà, iye ni kí ẹ fi dá iye lóhùn. Ilé-ìwé wo ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ lọ? Ṣé àyè wà níbẹ̀ fún Year 10? Àjọ ìdánwò wo ni wọ́n ń lò fún GCSE, ṣé AQA ni tàbí Edexcel? Ọmọ tó bá kúrò láàárín ẹ̀kọ́ GCSE lè bá ìwé tí kò kà rí pàdé. Ilé tuntun mélòó ni káńsù ti fọwọ́ sí pé kí wọ́n kọ́ ládùúgbò? Ṣé kò ṣeé ṣe kí wọ́n dín iye ọmọ tí wọ́n ń gbà sí Year 7 kù dípò kí wọ́n tì í? Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2000 fún yín láṣẹ láti béèrè àwọn iye wọ̀nyí, káńsù sì ní 20 ọjọ́ iṣẹ́ láti fèsì. Ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ni kí ẹ béèrè.

Ìlànà ìjọba dámọ̀ràn pé kí ìfikùnlukùn pẹ̀lú àwọn òbí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó má sì bọ́ sí àkókò họlidé. Lẹ́yìn náà ni ìkéde òfin pé wọ́n fẹ́ ti ilé-ìwé náà yóò jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló wà fún àtakò. Tí ilé-ìwé yín bá jẹ́ academy (ilé-ìwé ìjọba tí kò sí lábẹ́ káńsù), ọ̀nà yìí kọ́ ni wọ́n ń gbà, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ló wà. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó jẹ́.

Òfin ìfikùnlukùn gan-an, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ló bí i. Ní 1985, ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Gunning dojú kọ káńsù Brent lórí ètò títi ilé-ìwé àti dída wọn pọ̀. Ibẹ̀ ni ìlànà mẹ́rin ti jáde: kí wọ́n béèrè nígbà tí ìpinnu kò tíì fìdí múlẹ̀, kí wọ́n sọ ìdí tó tó fún èèyàn láti fèsì, kí wọ́n fúnni láyè, kí wọ́n sì fi tọkàntọkàn gbé èsì yẹn yẹ̀ wò. Bí ẹ bá gbé ìpinnu káńsù lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ kò níí bi yín bóyá ilé-ìwé dára. Ọ̀nà tí wọ́n gbà pinnu ló máa wò, ẹ sì gbọ́dọ̀ tètè lọ, kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìpinnu náà. Bí kańsẹ́lọ̀ kan bá wí nínú ìpàdé pé "a ti parí ọ̀rọ̀ yẹn" nígbà tí wọ́n ṣì ń gba èsì, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tó gbọ́.

Èyí tó le jù ni pé àwa òbí fúnra wa la sábà máa ń ti ilé-ìwé. Àhesọ bẹ̀rẹ̀, oníkálùkù ń yọ ọmọ rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, nígbà tó máa fi di oṣù kẹwàá, iye tí káńsù sọ ti di òótọ́. N kò bá ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ Year 10 wí. Ṣùgbọ́n ẹ pe ara yín jọ, kí ẹ mọ ẹni tó ń dúró.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá náà mú ojú ewé kan àti ààbọ̀ wá. Bọ́ọ̀sì méjì ni ọmọ rẹ̀ máa wọ̀. Music ló fẹ́ ṣe ní GCSE, ilé-ìwé méjèèjì tí wọ́n dárúkọ kò sì ní in. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun yọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nípa àwọn tíṣà tó mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó fi í síbẹ̀.