Kí Ni Iṣẹ́ Healthcare Assistant, Ọ̀nà Wo Ni Èèyàn Ń Gbà Débẹ̀?

Aláìsàn tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nílò ẹni tí yóò wẹ̀ fún un, tí yóò pààrọ̀ aṣọ tó dọ̀tí lábẹ́ rẹ̀, tí yóò máa yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìdí rẹ̀ má baà di egbò. Iṣẹ́ healthcare assistant nìyẹn. Ó tún máa ń wọn BP àti ìgbóná ara, ó ń kọ iye omi tí aláìsàn mu àti iye tó tọ̀ sílẹ̀. Bí ó bá rí ohun tó yí padà, nọ́ọ̀sì ni yóò sáré sọ fún. Òun kọ́ ló ń pinnu oògùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ l'Ékòó nìyẹn. Ọsibítù aládàáni kéékèèké pọ̀ tó jẹ́ pé wọ́n á gba owó lọ́wọ́ òbí, wọ́n á kọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán fún oṣù mélòó kan, wọ́n á ní ó ti di auxiliary nurse. Ìgbìmọ̀ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ńsì ní Nàìjíríà kò ka ìwé ẹ̀rí yẹn sí. Àwọn kan nínú wọn mọ iṣẹ́ dáadáa, mi ò bú wọn o. Ṣùgbọ́n bí HEFAMAA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń yẹ ọsibítù wò, bá wọlé bá wọn nídìí dírípù, wọ́n lè ti ibẹ̀ pa.

Ẹni tó bá fẹ́ láísẹ́ńsì lè gba ọ̀nà òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè. Ọdún 2 ni wọ́n fi ń kọ́ JCHEW, ìyẹn ìpele kékeré nínú iṣẹ́ náà, ọdún 3 ni ti CHEW, ìpele tó ga jù ú lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera ti ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Yábàá. Iṣẹ́ tiwọn ju ti healthcare assistant lọ: wọ́n ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní PHC, ìyẹn ilé ìlera alábọ́ọ́dé ti ìjọba, wọ́n sì lè fúnni lóògùn, bí ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní Standing Orders bá ṣe là á sílẹ̀.

Ìtọ́jú àgbàlagbà nílé náà ń bẹ. Àwọn màmá wà ní Ìkòyí àti Súrùlérè tí gbogbo ọmọ wọn ti kọjá sókè òkun, tí wọ́n ń sanwó fún ẹni tí yóò máa bá màmá gbé. Kí èèyàn ní ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì, kó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dákẹ́, kó sì ní oníduúró gidi. Sùúrù ńkọ́? Màmá tó ti ń gbàgbé nǹkan lè bi yín lórúkọ ní ìgbà mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ti ìlú òyìnbó wá. Ní England, ẹni tó gbani síṣẹ́ ló ń kọ́ni lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú Care Certificate, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun, tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 2015. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba ibẹ̀ kò fún care worker, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú, tuntun láti ilẹ̀ mìíràn ní físà mọ́. Ajẹ́ntì tó bá ṣì ń gbowó care visa lọ́wọ́ yín l'Ọ́jùẹ́lẹ́gba, ẹ ní kó fi òfin tó tún ilẹ̀kùn náà ṣí hàn yín.