Bí Rélùwéè Ṣe Dé Orí Tábìlì

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1891, ilé-iṣẹ́ Märklin kó ọjà láti ìlú Göppingen ní Jámánì lọ sí ìpàtẹ ńlá tó máa ń wáyé ní Leipzig. Ohun ìṣeré onípáànù ni wọ́n ń tà, pàápàá àwọn nǹkan ìdáná kéékèèké tí ọmọdé ń kó sínú ilé ọmọlangidi. Ọkùnrin tó dá òwò náà sílẹ̀ ní 1859 ti kú ní 1866. Caroline ìyàwó rẹ̀ ló dì í mú tí kò jẹ́ kó wó, kí àwọn ọmọ tó gbà á. Ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní Leipzig lọ́dún náà yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Ojú irin ni, wọ́n tò ó kó lọ́ bí òǹkà 8, ọkọ̀ onípáànù kan sì ń sáré lórí rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń ká sípíríǹgì inú rẹ̀ bíi ti aago. Tí wọ́n bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á máa yí po títí sípíríǹgì náà á fi tú tán.

Ọkọ̀ ìṣeré tó jọ rélùwéè ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. Ní nǹkan bí 1859, ọmọ Napoleon Kẹta, olú ọba ilẹ̀ Faransé, ní tirẹ̀ nínú ọgbà ààfin Saint-Cloud. Ṣùgbọ́n ohun ọmọ ọba nìyẹn, ta ni yóò rí i rà? Ohun tí Märklin gbé dé ni pé èèyàn lè ra díẹ̀ lónìí, kó rà kún un lọ́dún tó ń bọ̀: ojú irin tó nà gbọọrọ, èyí tó tẹ̀, oríta tí ọ̀nà ti pín sí méjì, àti tésàn. Kí tuntun lè bá ti tẹ́lẹ̀ mu, wọ́n fún ìbú ojú irin ní nọ́ńbà: 1, 2, 3. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ṣe èyí tó kéré ju 1 lọ, wọ́n pè é ní 0. Mìlímítà 32 ló wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. Èyí tó tún kéré sí i di 00 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Yúróòpù yòókù sì ní H0, ìyẹn ìdajì 0. Títí di òní, òǹkà àwọn ará Göppingen yẹn la ṣì ń kà.

Mo ti ro ìtàn yìí síwá sẹ́yìn, ohun tí mo sì rí ni pé ibi tí èèyàn ti ń wòran ni rélùwéè kékeré ti ń gba ẹ̀mí. Ẹ jẹ́ ká wo New York, níbi tí Joshua Lionel Cowen ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1900. Kì í ṣe ohun ìṣeré ló ní lọ́kàn. Ó ṣe ọkọ̀ onígi kékeré kan tí bátìrì ń mú rìn lórí ojú irin róbótó, ó sì tà á fún onísọ́ọ̀bù pé kó gbé e sójú fèrèsé, kó máa ru ọjà káàkiri níbẹ̀ kí ojú àwọn tó ń kọjá lè wà lára ọjà náà. Àwọn èèyàn yà wòran lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ní àwọn fẹ́ rà, àfi bí ẹni tó gbọ́ ìpolówó ẹ̀kọ tó ní igbá ni òun ń fẹ́. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Lionel ti ṣẹ̀.

Ní 1900 yìí kan náà, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Northampton, W. J. Bassett-Lowke, ọmọ ẹni tó ń ṣe bọ́ílà, lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní Paris. Ibẹ̀ ló ti rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Jámánì. Ó bá ilé-iṣẹ́ Bing ti Nuremberg dọ́rẹ̀ẹ́, ó ní kí wọ́n máa bá òun ṣe ọkọ̀ tó jọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, kì í ṣe páànù tí wọ́n kàn kun ní pupa. Henry Greenly, tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ dunjú, ló ń ya àwòrán rẹ̀ fún wọn. Láti ìgbà náà ni àgbàlagbà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹni tó bá mọ ẹ́ńjìnnì gidi lójú ni yóò mọ̀ pé ti orí tábìlì yìí jọ ọ́.

Ní 1910, àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù dá The Model Railway Club sílẹ̀. Òun ni àgbà irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lágbàáyé, ó sì wà títí dòní. Ilé rẹ̀, Keen House, kò jìnnà sí King's Cross. Ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ará ìlú wá wòran, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń ṣe ìpàtẹ yìí nígbà Àjíǹde ní Central Hall, Westminster.

Ìpàtẹ yìí ló tún iṣẹ́ náà mọ, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀ tó nígbà tí a bá ń pìtàn. Ohun tí a kàn mọ́ ilẹ̀ yàrá kò ṣeé gbé lọ síta láìfọ́. Bí a bá fẹ́ kí ayé rí i, a ní láti kọ́ ọ sórí pátákó tó pín sí abala, kí abala kọ̀ọ̀kan má gùn ju ohun tó lè wọ mọ́tò. Nínú àwọn ọdún 1920, A. R. Walkley kọ́ odidi ọgbà ìkẹ́rù kan sórí pátákó tó ń ká pọ̀ bí àpótí ìrìnàjò. Ibi tí abala méjì ti pàdé ni ìṣòro wà. Bí irin ọ̀hún bá fi bí ìnípọn èékánná yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ á dànù níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń kọjá, lójú gbogbo èèyàn.

Àwọn òǹwòran ló tún jẹ́ kí ibi ìpamọ́ tó wà lẹ́yìn àtẹ náà di dandan. Ọkọ̀ tó ń wọ tésàn gbọ́dọ̀ ti ibì kan bọ̀, kó sì máa lọ síbì kan. Nítorí náà, lẹ́yìn pátákó tí wọ́n ya òfuurufú àti òkè sí, ojú irin mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ń bẹ níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọkọ̀ ń dúró de àsìkò tirẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé wọn níbẹ̀, wọ́n á yí orí wọn padà, wọ́n á pààrọ̀ wágùnù. Ẹni tó wà níwájú kò rí gbogbo ìyẹn. Bí egúngún ṣe ń ti ìgbàlẹ̀ yọ sí agbo ni ọkọ̀ náà ṣe ń yọ lábẹ́ afárá, ará ọ̀run ni lójú wa, a kì í bi í níbi tó ti wọ aṣọ.

Mo dúró níwájú irú àtẹ bẹ́ẹ̀ kan rí nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Bàbá àgbàlagbà tó wà nídìí rẹ̀ fẹ́ já wágùnù kan sílẹ̀. Ó ti wáyà tín-ín-rín tó ní ìwọ̀ lẹ́nu bọ àárín wágùnù méjì, ó fi tọ́ọ̀ṣì kékeré tàn án, ó sì gbé ẹ̀wọ̀n tí kò tóbi ju ẹyọ ìrẹsì lọ kúrò lórí ìkọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Gbogbo àwa tá a wà níbẹ̀ pa ẹnu mọ́ títí ẹ̀wọ̀n náà fi bọ́.

Wàhálà kan wà nínú 00 tí àríyànjiyàn rẹ̀ kò tíì tán. Ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gidi kéré sí ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, torí afárá wọn rẹlẹ̀, ihò abẹ́ òkè wọn sì há. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe é ní ìwọ̀n H0, tí mìlímítà 3.5 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, mọ́tò iná ìgbà yẹn kò wọ inú rẹ̀. Wọ́n bá sọ ara ọkọ̀ di mìlímítà 4 sí ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n sì fi ojú irin sílẹ̀ ní 16.5 tó ti wà. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ Hornby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé rélùwéè kékeré wọn, Dublo, jáde ní 1938, ìwọ̀n yìí ni wọ́n lò, ó sì gbilẹ̀. Nínú ìwọ̀n náà, ìbú tó tọ́ ni 18.83. Ọkọ̀ náà wá dà bíi géńdé tó wọ bàtà ọmọ rẹ̀. Ní 1966, àwọn kan tó fara mọ́ ìlànà Protofour ní àwọn yóò ṣe é bó ṣe yẹ, kódà bó bá gba kí wọ́n tún gbogbo táyà irin rẹ̀ ṣe. Mo gbà pé wọ́n jàre.

Ìṣirò yìí lè wúlò fún wa nílé. Ojú irin tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, mìlímítà 1067 ni ìbú rẹ̀, èyí tó máa di 14 géérégé ní ìwọ̀n mìlímítà 4. Ti tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 jẹ́ 1435, bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwọn méjèèjì sórí pátákó kan yóò lo ìbú méjì. Ó wù mí kí n rí i lójú ayé mi, pẹ̀lú òrùlé páànù ìpẹtà àti àwọn ìyá tó ń gbé ẹ̀kọ àti ẹja de ọkọ̀ lójú fèrèsé.

Torí ilẹ̀ tí ojú irin ń gbà kọjá ló sọ eré yìí di iṣẹ́ ọnà. Títí di àwọn ọdún 1930, ọkọ̀ ló máa ń jẹ́ ìran, ohun tó kù kàn jẹ́ páànù àti àwọ̀ ewé. John Ahern ló yí i padà. Nínú ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ́ Madder Valley Railway, àfonífojì tí kò sí lórí máàpù kankan, ó ní ìlú etíkun tó ń jẹ́ Madderport, ó ní ilé ọtí àti òpópónà tó tẹ̀ kọrọ. Ọkọ̀ rẹ̀ kéré, wọ́n sì ń yọ́ rìn láàárín ilé àwọn èèyàn. Nígbà tí ó kú ní 1961, iṣẹ́ náà lọ sí Pendon, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè kékeré ní Long Wittenham, Oxfordshire.

Roye England ló dá Pendon sílẹ̀ ní 1954. Ará Ọsirélíà ni, ó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1925. Nígbà tó rí i pé wọ́n ń tú àwọn ilé olórùlé koríko ní àfonífojì White Horse palẹ̀, ó pinnu láti fi páálí kọ́ wọn kí wọ́n má bàa parẹ́. Bíríkì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn níkọ̀ọ̀kan. Ilé kan lè gba èèyàn kan ní oṣù púpọ̀. Àwọn ilé mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ti yí padà pátápátá lójú ayé, tí wọ́n sì ṣì dúró níbẹ̀ bí wọ́n ṣe rí láàárín ogun àgbáyé méjèèjì.

Lóde òní, Miniatur Wunderland, àtẹ rélùwéè kékeré tó wà ní Hamburg, ló gbajúmọ̀ jù. Àwọn ìbejì Frederik àti Gerrit Braun ló ṣí i ní 2001. Iwájú sọ́ọ̀bù rélùwéè kékeré kan ní Zürich ni èrò náà ti bá Frederik lọ́dún tó ṣáájú. Ìtàn Cowen náà ló tún ṣẹlẹ̀. Àtẹ ti Hamburg kì í sí kúrò lójú kan, àwọn òǹwòran ló ń lọ bá a. Ìpàtẹ Warley ní Birmingham, tó tóbi gan-an nínú irú èyí tó ń kó kiri, ṣe èyí tó kẹ́yìn ní oṣù kọkànlá 2023.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn gbọ̀ngàn kéékèèké, wọ́n ṣì ń ṣe é. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á pa iná, wọ́n á fi fóòmù wé ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tú bóòtù tó so abala pọ̀, ẹni méjì á gbé odidi tésàn kan láàárín ara wọn gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ sínú mọ́tò, wọ́n á sì máa ké sí ara wọn pé kí wọ́n rọra, igi ń bẹ létí rẹ̀.