Mọ́tò ń húkọ́ lójú ọ̀nà, wọ́n ní púlọ́ọ̀gì ni

Ẹ ti kúrò ní Ìwó Road, ẹ ti kọjá Ẹgbẹ́dá, ọ̀nà Ifẹ̀ là gbọọrọ níwájú, ẹ wá tẹ tọ́rọ́tù kí ẹ lè kọjá tírélà kan. Òjijì ni mọ́tò fà sẹ́yìn, gì, gì, bí ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́fun. Kí ẹ tó sọ pé "kí lèyí?", ó ti padà sípò, ó ń lọ geere bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kò ní í jẹ́ kí ẹ parí ọ̀rọ̀. "Púlọ́ọ̀gì ni, ọ̀gá. Ẹ lọ ra mẹ́rin wá."

Púlọ́ọ̀gì ni ohun kékeré tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Èmi náà ra mẹ́rin. Mo tún ra mẹ́rin mìíràn. Mo ra ìkẹta. Láàárín oṣù márùn-ún ni gbogbo rẹ̀, lórí mọ́tò tòkunbọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ọdún 2005. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, mọ́tò á gbádùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, èmi á máa kí mẹkáníìkì kú iṣẹ́, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

Ìgbàgbọ́ náà ní orírun, kò yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ara irú Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975 ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì ti kọ́ṣẹ́, àwọn ló sì kọ́ àwọn ọ̀gá òní. Kàbúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, kò sí sẹ́ńsọ̀ tí yóò sọ fún un pé epo ti pọ̀ jù. Lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn òjé, tún wà nínú epo ìgbà náà. Kò ní í pẹ́ tí orí púlọ́ọ̀gì á fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọmọ iṣẹ́ á tú u, á fi sáńpépà ha á, á fẹnu fẹ́ ẹ, á dá a padà, mọ́tò á sì gbọ́ràn. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ní púlọ́ọ̀gì ni, ó sábà máa ń gbà á.

Mọ́tò tí ọ̀pọ̀ wa ń wà báyìí kì í ṣe irú rẹ̀. Búréènì, kọ̀ǹpútà inú mọ́tò, ló ń wọn epo, nọ́sù ló ń fín in sínú sìlíńdà, ihò tí epo ti ń jó. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ló sì ní kọ́ìlì tirẹ̀, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, tó jókòó lé e lórí bíi fìlà. Púlọ́ọ̀gì irídíọ́mù gidi, irin kan tí kì í tètè jẹ, lè rin ju 100,000 kìlómítà lọ. Ó ṣì lè bàjẹ́ o, pàápàá èyí tó jẹ́ pé ara páálí nìkan ni irídíọ́mù rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti jẹ tán sábà máa ń yọni lẹ́nu ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ń gun òkè. Kì í gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ló wá dé tí mọ́tò fi ń dára lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀? Ẹ wo ọwọ́ mẹkáníìkì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Kó tó kan púlọ́ọ̀gì, ó gbọ́dọ̀ yọ wáyà kúrò lórí kọ́ìlì, kó fa kọ́ìlì jáde, kó nù ún. Á fi afẹ́fẹ́ fẹ́ omi tàbí ọ́ìlì tó bá wà nínú ihò jáde. Tó bá ń tò ó padà, á ti orí wáyà wọlé títí yóò fi dún kẹ́. Wáyà tí kò jókòó dáadáa tẹ́lẹ̀ ti jókòó nìyẹn, púlọ́ọ̀gì ló sì gba oríyìn. Èyí tó burú jù ni pé àìsàn tó ń wá tó ń lọ, yóò lọ fúnra rẹ̀ bópẹ́bóyá. Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ ni yóò dà bí oògùn. Ẹni tó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì á ní púlọ́ọ̀gì ni, ẹni tó fọ nọ́sù á ní nọ́sù ni.

Àwọn míì á ní epo ayédèrú ni. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì: ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló kéde pé epo tí mẹ́táńọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Àmọ́ epo kì í yan sìlíńdà. Inú táǹkì kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń mu.

Lẹ́yìn ìkẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àkókò rẹ̀ sínú fóònù. Àkókò ló ń tú àṣírí. Tó bá jẹ́ ìgbà tí epo bá kù díẹ̀ ni, tí ẹ bá sì ń yí kọ́nà, pọ́ńpù ni kí ẹ fura sí. Inú táǹkì ló wà, epo tó yí i ká ló ń mú un tutù. Àwa tí a ń fi ìsàlẹ̀ táǹkì rìn kiri nígbà ọ̀wọ́n epo ti din púpọ̀ nínú wọn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn òjò, ẹ yẹ ihò púlọ́ọ̀gì wò fún omi. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá kó sí kòtò, wáyà ni, iṣẹ́ rẹ́wáyà, oníṣẹ́ iná mọ́tò, nìyẹn. Èyí tó bá gbóná tán tó kú pátápátá, tó tún jí lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, sẹ́ńsọ̀ kíráńkì, èyí tó ń sọ fún búréènì bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tèmi kì í ṣẹlẹ̀ láàárọ̀. Ó gbọ́dọ̀ rin bí ogójì ìṣẹ́jú, kí n sì tẹ tọ́rọ́tù gan-an. Ìgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ máa ń fún pọ̀ jù nínú sìlíńdà, tí iná púlọ́ọ̀gì nílò agbára láti fò. Kọ́ìlì tó ti sán níbì kan kò lè ru u.

Ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ sìkáánì bọ̀, èyí tó ń ka àìsàn tí búréènì ti kọ sílẹ̀, wà lábẹ́ sítíárì. Gbogbo mọ́tò tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní in, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ wa ti wá. Tí sìkáánì bá gbé kóòdù àìsàn P0300 jáde, sìlíńdà tó ń tàsé kò dájú, ẹ lọ wo ohun tó kàn gbogbo wọn: epo, afẹ́fẹ́. Tó bá jẹ́ P0301 sí P0304, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ni sìlíńdà náà. Tèmi jẹ́ P0303. Mo bẹ ọmọ rẹ́wáyà kan pé kó gbé kọ́ìlì ìkẹta sórí ìkejì, kó gbé tìkejì sórí ìkẹta. A pa àkọsílẹ̀ inú búréènì rẹ́, mo wa mọ́tò dé Aṣejírẹ́, mo bọ̀. P0302. Àìsàn ti bá kọ́ìlì lọ. Ká ní P0303 ló tún gbé wá ni, à bá gbé púlọ́ọ̀gì kiri bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà nọ́sù.

Ẹ fi sọ́kàn pé tí iná Check Engine bá ń ṣẹ́jú nígbà tí mọ́tò ń húkọ́, ẹ dẹ ẹsẹ̀. Epo tí kò jó ń ṣàn lọ bá kátálísìtì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́tò, ibẹ̀ ni yóò ti jó, yóò sì bà á jẹ́. Ìyẹn tí wọn kò bá tíì gé e tà lẹ́yìn yín.

Nígbà tí a gbé kọ́ìlì náà sí ojú oòrùn, ìlà tín-ín-rín kan wà lára rọ́bà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ipa ìgbín lára ògiri. Ibẹ̀ ni iná ń gbà sá lọ sára irin ẹ́ńjìnnì. Kọ́ìlì kan ṣoṣo ni mo rà. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ tú pé ó ti kú ṣì wà nínú bùútù, nínú ọ̀rá dúdú kan. Àwọn ni irídíọ́mù gidi, la bá dá wọn padà sínú ẹ́ńjìnnì. Orí wọn ni mo ṣì ń wakọ̀.